Bí Mo Ṣe Wá Ọ̀rá fún Màámi Dé Gáà Ìjàyè

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Sátidé ni mo jáde nílé wa ní Alákíà, tí mo rọra fa géètì kí ó má baà pariwo. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Àbúrò mi Bùnmi, tó máa dúró tì wọ́n kí n lè rìnrìn àjò yìí, sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti fi ìborùn wé ara rẹ̀ nítorí ọyẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, tí ẹ ò bá rí i, ẹ tètè máa bọ̀ o. Ẹ má lọ sọnù nítorí ọ̀rá." Mo ní kí ó wọlé kí òtútù má baà mú un. Inú mi ò dùn sí ẹ̀rín tó ń rín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé títì, èmi náà rẹ́rìn-ín, torí pé ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí ti sọ wá di aláwàdà nínú ìbànújẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí n tó wọkọ̀. Ó ti di oṣù kejì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún Màámi, tó sì mú ahọ́n wọn pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wọn kò ju mẹ́rin lọ: bẹ́ẹ̀ ni, rárá, omi, Jésù. A gba kámú fún ìyẹn. Oúnjẹ gan-an ni wàhálà wa. Bí mo bá fi síbí bu ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì rírọ̀ sí wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á pa ẹnu dé, wọ́n á kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n nílé kò fi bò fún mi. Ó ní tó bá fi máa di Ọjọ́ Ajé tí wọn kò tíì máa jẹun, àwọn máa dá wọn padà sí ọsibítù, àwọn á ti rọ́bà gba imú wọn, ibẹ̀ ni oúnjẹ á máa gbà. Màámi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú wọn, wọn kò sì lè gbé ọwọ́ nù ún.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tuntun: "Ọ̀rá." Mo sáré mú ọ̀rá dúdú wá, irú èyí tí a fi ń gbé nǹkan bọ̀ láti ọjà, mo rò pé èébì ló ń gbé wọn. Wọ́n ní rárá. Mo mú funfun wá. Rárá. Bùnmi wá mú èyí tó ní ìlà-ìlà wá, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn bí ẹni ń pàtẹ aṣọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi ń kó ọ̀rá oríṣiríṣi wá síwájú aláìsàn. Lọ́jọ́ kẹta, Màámi wo èmi, wọ́n wo Bùnmi, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá etí abọ́ oúnjẹ, wọ́n ní, "Ọ̀rá!" Ìgbà yẹn ló tó yé wa pé ọ̀rá jíjẹ ni. Mo ra ọ̀rá màlúù lọ́wọ́ alápatà àdúgbò wa, mo yọ́ ọ, mo bù ú sórí iṣu. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní rárá. Wọ́n wá di ọwọ́ òsì ní ẹ̀ṣẹ́, wọ́n ń fì í síwá, wọ́n ń fì í sẹ́yìn. Bùnmi ní bóyá ọmọ ni wọ́n fẹ́ gbé jó. Èmi ò mọ ohun tí mo lè rò. Mo kàn mọ̀ pé Ọjọ́ Ajé ń bọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi wọ takisí Máíkírà ní Alákíà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà dé Ìwó Róòdù. A pé mẹ́rin lẹ́yìn, a pé méjì níwájú ká tó gbéra. Ọkọ̀ kejì gbé mi láti Ìwó Róòdù dé Ọ̀jọ́ọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà. Láti ibẹ̀, mo rìn wọ Ṣáṣá. Mo ti pinnu pé bí ọ̀rá kan bá wà tí mi ò mọ̀, ọjà tí ẹrù òkè ọya ń já sí yẹn ni màá ti gbúròó rẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà náà. Àwọn tó ń já alùbọ́sà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ajàgbé ti làágùn, apẹ̀rẹ̀ tòmátì sì ti dí ojú ọ̀nà débi pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló lè kọjá.

Mo kí obìnrin kan tó jókòó sórí àpótí, mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni mo ti lè rí ọ̀rá rà?"

Ó dìde kíá. "Ọ̀dọ̀ mi náà ni mà. Onílà lẹ fẹ́ ni àbí dúdú? Ńlá àbí kékeré?"

Mo ní, "Ọ̀rá jíjẹ ni."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ta ló ń jẹ ọ̀rá?"

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì fúnra rẹ̀ mú mi lọ sí ìsọ̀ ẹran. Ó fà mí lé bàbá kan tó ní irùngbọ̀n funfun lọ́wọ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Alájì. Yorùbá bàbá yìí já gaara, àmọ́ ohùn Kánò kò tíì kúrò nínú rẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé mi ò tíì mọ nǹkan kan nípa ọ̀rá. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Alákíà, bí a bá ń ra ẹran, a ó ti sọ fún alápatà pé kó má fi ọ̀rá sí i, bí ẹni pé ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Ní Ṣáṣá, àwọn obìnrin gbé abọ́ wá nítorí rẹ̀ ni. Alájì na èyí tó wà nídìí kíndìnrín sí mi, ó funfun, ó le, ó sì ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n fi ti iké hàn mí, èyí tó rọ̀, tí ẹran tín-ínrín wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n gé e kéékèèké, kí n bu omi díẹ̀ sí i kí ó má baà jóná, kí iná má pọ̀, kí n má sì dé e. Ìgbà tí èérún rẹ̀ bá ti pọ́n, tó léfòó, kí n sẹ́ ẹ. Wọ́n ní ata tí wọ́n bá fi dín, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á tún bù kún un.

Mo sọ fún wọn pé ìyá mi kọ̀ ọ́. Mo ní, "Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ ṣe báyìí ni, Alájì." Mo di ẹ̀ṣẹ́, mo fì í síwá sẹ́yìn níwájú gbogbo ọjà.

Alájì na ọ̀bẹ sókè, wọ́n pariwo, "Mán ṣánú!"

Ẹ̀rù bà mí, mo sún sẹ́yìn. Ohun tí etí mi gbọ́ ni "má ṣàánú". Mo ní, "Kí n má ṣàánú kẹ̀? Ìyá mi ni o, Alájì!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, wọ́n ṣàlàyé fún mi pé èdè Haúsá ni: mán ni òróró, ṣánú sì ni màlúù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara ẹran ló ti ń jáde o, inú wàrà ni. Wọ́n ní, "Àwọn obìnrin Fúlàní máa ń da wàrà sínú kèrègbè, wọ́n á máa mì í, wọ́n á máa mì í, títí ọ̀rá rẹ̀ á fi dì. Ohun tí ìyá yín ń fọwọ́ sọ nìyẹn. Níbo ni wọ́n ti dàgbà?"

"Ìjàyè ni. Abúlé bàbá wọn wà lẹ́yìn ìlú."

"Ẹ lọ sí Ìjàyè. Tinú agolo ni wọ́n ń tà níbí."

Mi ò lè lọ lójú ẹsẹ̀. Mo fara ti tábìlì ẹran yẹn, ojú tì mí, àánú Màámi sì ṣe mí gidigidi. Àlàyé tó yè kooro ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ kan tó kù fún wọn ṣe fún mi láti ọjọ́ yìí wá, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé kò sì lè kà á. Alájì kò gba owó kankan lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n bá àwọn kí ìyá mi.

Ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjàyè wà ní Mọ́níyà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀nà náà ti dára, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, kì í ṣe bí ìgbà tí Màámi máa ń kó wa lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí wọn nígbà ọlidé, tí a ó pọ́n bí ilẹ̀ kí a tó dé. Ọyẹ́ bo oko lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àwọn èèyàn sá ẹ̀gẹ́ sórí òkúta àti sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n sì to iṣu mẹ́ta-mẹ́ta sórí pákó fún àwọn arìnrìn-àjò. Ọmọ Ìbàdàn ni mí níhà ti bàbá, ọmọ Ìjàyè níhà ti ìyá. Àwọn bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó fi ogun fọ́ Ìjàyè, àwọn bàbá ìyá mi sì wà lára àwọn tó padà wá tún un kọ́. Nígbà tí Màámi bá ń bá bàbá wa jà, ogun yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà.

Ní Ìjàyè, mo ra iṣu mẹ́ta, mo sì bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ní Ràsákì lorúkọ òun. Nígbà tí mo ní gáà, ibùdó àwọn Fúlàní, ni mò ń lọ, ó wo bàtà mi, ó wo báàgì mi.

"Gáà èwo, màmá? Ṣé kò sí wàhálà ṣá?"

"Ọ̀rá wàrà ni mò ń wá."

Ó ronú díẹ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mi ò ní purọ́. Gbogbo wa la mọ ìròyìn tí à ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran, Bùnmi ò bá má jẹ́ kí n lọ ká ní ó mọ̀ pé gáà ni màá já sí. Ràsákì ní, "Màá gbé yín lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ṣéù. Àwọn Fúlàní tiwọn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ẹ dì mí mú dáadáa o, ọ̀nà yìí kì í ṣe ti Alákíà." Òótọ́ ló sọ. Mo di í mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun mí.

Ilé mẹ́fà tàbí méje ni gáà náà, àwọn kan fi koríko bolẹ̀, páànù ni ti àwọn tó kù. Ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ju àgbàlá ilé ìwé wa lọ. Obìnrin àgbà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó di irun rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì, ló jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó ń fọ igbá. Òun ni Ìyá Ṣéù. Nígbà tí wọ́n la ẹnu, Yorùbá Ìjàyè gidi ló jáde, bíi ti ìyá ìyá mi gẹ́lẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ ohun tí mo bá wá.

Wọ́n mi orí. "Nẹ́bàm lò ń sọ. Orúkọ tí àwa ń pè é nìyẹn. Kò sí mọ́, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí, màlúù ò rí koríko jẹ, ìwọ̀nba wàrà tí wọ́n bá fún wa, a ti fi se wàrà tí wọ́n ń dín. Ìyẹn ni wọ́n ń rà. Àwọn ọmọ tèmi gan-an, bọ́tà inú ike ni wọ́n ń fi jẹ búrẹ́dì."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sọ fún wọn nípa Ọjọ́ Ajé, àti rọ́bà imú, àti omi tó ń bọ́ lójú Màámi tí ọwọ́ wọn kò lè nù. Ìyá Ṣéù gbé igbá sílẹ̀.

"Báwo ló ṣe ń ṣe ọwọ́ náà?"

Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Rárá, o yá jù." Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n ń bá mi fì í lọ díẹ̀díẹ̀, síwá, sẹ́yìn, bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ń sunkún. Mo rí i pé bí Màámi ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn, èmi ni mo bà á jẹ́. Wọ́n ní, "Ìyá rẹ ti bá àwọn èèyàn wa mì í rí. Ẹni tó kàn ń wòran ò lè mọ̀ ọ́n báyìí. Ìyá mi máa ń gbé e lọ sí gbogbo abúlé agbègbè yìí, wọ́n á fún un ní èlùbọ́. Mi ò ní tàn ẹ́ pé mo mọ ìyá rẹ. Ọmọ pọ̀ tó máa ń sá wá bá wa mì í."

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìkòkò kan jáde. Wàrà tó ti kan lọ́jọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì. Mo sún mọ́ ọn, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n kọ́kọ́ jẹun. Mo ní ẹ má bínú, mò ń kánjú. Wọ́n ní, "Ẹni tí ebi ń pa kì í rí agbára mi kèrègbè. Jókòó." Wọ́n gbé tùwó àgbàdo wá nínú abọ́ kan ṣoṣo, wọ́n jókòó tì mí, a jọ ń bu òkèlè. Bí mo bá dúró, àwọn náà á dúró. Bí mo bá bu òmíràn, wọ́n á bu tiwọn. Mi ò rántí ìgbà tí mo jókòó jẹun kẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fi síbí onígi kó ojú wàrà náà, èyí tó ki jù, sínú kèrègbè, wọ́n fi ewé dí ẹnu rẹ̀, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo mì í fún bíi wákàtí kan. Apá ro mí, mo gbé e lé apá kejì. Ìyá Ṣéù ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n ní tó bá ṣì ń dún bí omi, ó kù. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹrọ̀fọ̀, wọ́n ní ó ti dé. A dà á jáde, mo sì rí ọ̀rá funfun tó ṣù jọ kéékèèké lójú omi rẹ̀. Wọ́n fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kíkan rẹ̀ lọ, wọ́n sì gbé e kaná jẹ́jẹ́ nínú ìkòkò kékeré. Wọ́n ní kí n má wò ó, kí n máa gbọ́ ọ. Ó ń ta pàràpàrà bí omi inú rẹ̀ ṣe ń tán. Nígbà tó dákẹ́, ó ti jinná. Àwọ̀ rẹ̀ wá dà bí òyìn tuntun, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo abẹ́ igi náà. Kò ju ìdajì ìgò jáàmù lọ. Wọ́n gba owó wàrà lọ́wọ́ mi, wọn kò gba ti iṣẹ́.

Mo gbé ìgò náà sórí ẹsẹ̀ láti Ìjàyè dé Alákíà, mo fi gèlè mi wé e, bí àwọn èrò ọkọ̀ bá sì gbá mi lápá, mo máa ń bínú. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Bùnmi wo ojú mi, ó lọ bó iṣu. A sè é títí ó fi rọ̀ dáadáa, mo gún un pọ̀ pẹ̀lú síbí, mo bu síbí kan nẹ́bàm sí i pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Ó yọ́ wọnú iṣu.

Nígbà tí mo gbé abọ́ dé ìyàrá, imú Màámi ń ṣiṣẹ́ kí n tó dé ẹ̀bá ibùsùn. Wọ́n di ojú. Wọ́n ní, "Ọ̀rá," ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìbínú nínú ohùn wọn. Mo bu síbí kan, mo nà án sí ẹnu wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n tì í padà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ tọ́ ọ wò nìkan." Wọ́n tún tì í. Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe pé wọ́n ń kọ̀ ọ́, wọ́n ń darí síbí náà ni. Wọ́n ń tì í bọ̀ sọ́dọ̀ mi, iṣu kán sórí aṣọ ibùsùn, títí síbí náà fi kan ètè mi.

Wọ́n ní, "Mojí. Jẹun. O ti rù."

Oṣù méjì ni mi ò ti gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu wọn. Mo jẹ ẹ́. Ìgbà tí mo gbé e mì tán ni Màámi la ẹnu tiwọn. Mo fún wọn ní síbí kan. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. Mo jẹ síbí kan. Wọ́n tún la ẹnu. Báyìí la ṣe é títí abọ́ fi mọ́, tí Bùnmi dúró sí ẹnu ọ̀nà tó ń sunkún bí ọmọdé.

Nọ́ọ̀sì wá ní Ọjọ́ Ajé, ó bá wa nídìí oúnjẹ, ó sì padà lọ láìmú Màámi dání. Ó ní kí n má fi ọ̀rá náà pọ̀ jù, mo sì gbọ́. Lóòótọ́, adùn ìgbà èwe wọn ni wọ́n rán mi lọ wá, mo sì dúpẹ́ pé mo rí i. Ṣùgbọ́n fún oṣù méjì, ńṣe ni mo ń dúró sí ẹ̀bá ibùsùn pẹ̀lú síbí lọ́wọ́, mò ń wo aago, mò ń ka iye òkèlè, mo sì ń pè é ní ìtọ́jú. Ìyá tó ti bọ́ mi láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi ń wo ọmọ wọn bó ṣe ń gbẹ, èmi sì ní kí wọ́n máa dá jẹun níwájú mi. Ó di inú gáà, lọ́wọ́ obìnrin tí mi ò mọ̀ rí, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ èèyàn.

Mi ò bọ́ Màámi mọ́ báyìí. A jọ ń jẹun ni.